Ojú Tó Rí Àpá, Kí Ẹnu Bèèrè

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìròyìn ni poli kọ́ mi, n kì í ṣe dókítà. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì ni mo gbé wá lónìí, torí ó kan ẹnì kan tí kò sí láàárín wa.

N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ ó rántí ọ̀rẹ́ wa tó máa ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn ọ̀sán. Nígbà tí a wà ní JSS 2, mo tẹ̀lé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Etí rẹ̀ wú, ojú ẹgba wà lọ́rùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Kí ló ṣe ọ́?" Kó tó la ẹnu, obìnrin tó mú un wá ti dáhùn: "Ó ṣubú ní àtẹ̀gùn ni." Nọ́ọ̀sì fi ayodíìnì pa á, ó kọ ọ́ sínú káàdì pé ó ṣubú, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Ilé tí ọmọ yẹn ń gbé kò ní àtẹ̀gùn. Mo mọ̀. N kò sọ̀rọ̀. Kó tó di SS 1, ó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mi ò bú nọ́ọ̀sì yẹn. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń wo egbò sàn, wọn ò kọ́ ọ bí a ṣe ń bèèrè ibi tí egbò ti wá. Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Ọdún 1962 ni Dókítà C. Henry Kempe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ìwé tó la ojú àwọn dókítà ibẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n ń lù ní àlùbolẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ láìfi bò pé ó máa ń ṣòro fún dókítà láti gbà pé òbí lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ti ṣòfin pé kí dókítà máa fi tó ìjọba létí.

Nílé wa ńkọ́? Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2014 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNICEF fi hàn pé nínú ọmọ 10, bí 6 ló ń fara gba ìwà ipá kí wọ́n tó pé ọdún 18. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà láti 2003, Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Òfin wà. Ojú tí yóò rí i ló kù.

Kí ni wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nínú irú ẹ̀kọ́ yìí? Ẹ gbọ́ ná. Ọmọ tó ń sáré kiri á fi orúnkún, ojúgun tàbí iwájú orí gbá nǹkan, ìyẹn kò ṣàjèjì. Àmọ́ bí ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4 bá ṣú dúdú ní etí, ọrùn, àyà tàbí ikùn, ẹ dúró, ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì lè rá, báwo ló ṣe fara gbá nǹkan? Omi gbígbóná tó dà sí ọmọ lára máa ń ta káàkiri. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá bó dọ́gba bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti rì wọ́n bọ omi. Bí ìtàn bá ń yí padà, tàbí tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ wá láìnídìí, ó yẹ kéèyàn bèèrè. Kò túmọ̀ sí pé òbí ti jẹ̀bi o. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ lè mú ara ọmọ ṣú, àmì àbíbí tó dúdú ní ìdí ọmọ kì í sì í ṣe ojú ẹgba. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ fi ṣe pàtàkì.

Rírí nìkan kò tó. Kí wọ́n bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Kí wọ́n kọ ohun tó sọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Kí wọ́n má ṣèlérí fún un pé àwọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n má bá òbí jà lójú gbogbo ayé, kí wọ́n má sì dá ọmọ padà sínú iná. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá ọmọ lò pọ̀ ni, oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá. Bó bá ṣe yá sí ló ṣe dára sí. Irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n torí rẹ̀ dá Mirabel Centre sílẹ̀ ní ọgbà LASUTH, Ìkẹjà, ní 2013, tí wọ́n sì ń tọ́jú èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ti ń gbọ́ ẹni tó ń kùn lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn: "Ṣé ká má bá ọmọ wí mọ́ ni?" Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ wo ló fa ọ̀rẹ́ wa mọ́ra?

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. A ti dáwó láti kun géètì ilé-ìwé wa. Ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ká fi ṣe ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wà nítòsí ilé-ìwé. Nọ́ọ̀sì wà nínú wa, dókítà wà, agbẹjọ́rò wà. Kí ẹnì kan ṣe bí òbí tó ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu, kí ẹnì kejì kọ́ bó ṣe máa sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síta díẹ̀." Kí wọ́n lẹ nọ́mbà ibi tí wọ́n máa pè mọ́ ògiri.

Bí nọ́ọ̀sì yẹn bá ti mọ gbólóhùn kan yẹn sọ lọ́jọ́ náà, tàbí kí èmi náà ti la ẹnu mi, bóyá àga kan ì bá má ṣófo láàárín wa lónìí.