Iná Pápá àti Igbó Ìjọba

Ọ̀rọ̀ igbó ni a fẹ́ bá yín sọ. A mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ igbó ìjọba, ojú ẹlòmíràn á le. Á ní, "Ilẹ̀ bàbá mi ni wọ́n pààlà sí, wọ́n ní kí n má dáko níbẹ̀ mọ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n, kò sì yẹ kí á fọwọ́ rọ́ ọ tì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n rí ní Olókemejì.

Olókemejì wà láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, lẹ́bàá odò Ògùn. Igbó ìjọba ibẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ pààlà sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó pín ilẹ̀ kan níbẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ń finá sí èkínní lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ pátápátá. Wọ́n ń sun èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Ẹ̀kẹta, wọn ò jẹ́ kí iná dé ibẹ̀ rárá. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iná nìkan ló yàtọ̀.

Lẹ́yìn ọdún 28, ní 1957, wọ́n padà lọ wo igi ibẹ̀. Ibi tí iná ò dé ti di igbó! Orí igi ti kanra, òjìji ti pa koríko nísàlẹ̀, igi ẹgàn sì ń hù níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín. Ibi tí wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, igi pọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀dàn ló ṣì wà: koríko, àti àwọn igi tí èèpo wọn nípọn tí iná ò lè tètè pa.

Kí ló fà á? Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, igi ti ń rú ewé titun de òjò. Iná á dé, á jó ewé titun náà. Koríko tó gbẹ dáadáa ń mú kí iná ga, kí ó sì le, igi kékeré ò sì ní lè dàgbà kọjá rẹ̀. Iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kì í ga tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìjọba kì í fi fẹ́ kí iná wọ igbó ńlá rárá. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ẹnikẹ́ni ò lè ní kí iná má jó láé. Nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ a máa dìídì sun koríko ní kùtùkùtù ẹ̀ẹ̀rùn kí iná ńlá má baà rí nǹkan jó. Ẹni tó bá rí wọn lè rò pé tálákà nìkan ni òfin mú. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá fẹ́ sun oko, ẹ kọ́kọ́ ro àyíká rẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ sọ fún ẹni tí oko yín jọ pààlà. Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí iná á fi kú. Kòkó ọdún mẹ́wàá lè jóná ní ọ̀sán kan.

Ibì kan wà tí àwa náà kò ti gbè sẹ́yìn ìjọba. Ní igbó Ọmọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n gé ẹgàn púpọ̀ lulẹ̀ láti gbin gmelina, igi tó wá láti ilẹ̀ Éṣíà, tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìwé. Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ìwé sí Ìwópìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ibẹ̀ ò rí bí wọ́n ṣe rò. Oko gmelina kì í ṣe igbó. Ta ló ń já orógbó níbẹ̀? Apá tó ṣẹ́kù nínú ẹgàn náà ni erin ṣì ń gbé, òun ló sì jẹ́ kí àjọ UNESCO kọ orúkọ Ọmọ sínú ìwé wọn ní ọdún 1977.

Ó ku ọ̀rọ̀ agégi. Ìrókò, òpèpè, ìdígbó, àfàrà: àwọn orúkọ Yorùbá yìí ni àwọn oníṣòwò pákó ní ìlú òyìnbó ń pe àwọn igi náà títí di òní. Igi olówó ni wọ́n, ìdí nìyí tí òfin fi ní kí agégi gba ìwé àṣẹ kí ó tó gé wọn, kódà nínú oko yín. Nígbà kan, agégi á gbé ìwé kan síwájú àgbẹ̀, àgbẹ̀ á sì tẹ̀ka, kò mọ̀ bóyá igi méjì ni tàbí ogún. Ẹ̀yin ti mọ̀wé kà báyìí. Bí wọ́n bá gbé ìwé náà dé, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ jókòó, ẹ kà á: orúkọ igi, iye igi, ibi tí wọ́n ti máa gé e, ọjọ́ tí àṣẹ náà máa parí. Bí èyíkéyìí kò bá sí níbẹ̀, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì àwọn onígbó kí ẹnikẹ́ni tó gbé ayùn.