ÀJÁKÙ AṢỌ ÀTI ỌGBỌ́N ỌMỌDÉ



Àròyé kan ń dé etí àwa olùkọ́ lemọ́lemọ́. Àwọn òbí ń wí pé: “Owó ìwé ni a san; a kò rán ọmọ wa lọ ṣa pàǹtí lórí ààtàn.” Ohun tí wọ́n rí ni pé ọmọ gbé páálí wálé, tí ó lẹ àjákù aṣọ, èèpo ẹ̀pà àti ìyẹ́ adìẹ mọ́ ọn lára. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀ràn náà wò.

Bí olùkọ́ bá ya máńgòrò sí ojú pátákó, tí ogójì ọmọ sì dà á kọ, máńgòrò kan ṣoṣo ni ó wà nínú kíláàsì náà, ti olùkọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí a bá kó àjákù síwájú ọmọ, tí a ní kí ó fi ṣe ọjà ìlú rẹ̀, kò sí ohun tí yóò dà kọ. Òun ni yóò pinnu bí èèpo ẹ̀pà yóò ti di òrùlé, tí ìyẹ́ yóò sì di èéfín. Yóò tò ó, yóò tú u, yóò tún un tò, kí ó tó fi làfún sísè lẹ̀ ẹ́, irú èyí tí a fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Iṣẹ́ ti olùkọ́ ni láti béèrè pé, “Èé ṣe tí o fi èyí síhìn-ín?”

Èyí kì í ṣe àṣà àjèjì. Ta ni nínú wa tí kò rí ẹ̀wù eégún rí? Aṣọ oríṣiríṣi ni a rán pọ̀, síbẹ̀ gbogbo ìlú ń yà fún un lọ́nà. Ní Òṣogbo ní 1964, Jimoh Buraimoh wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́-ọnà lọ́dọ̀ Georgina Beier. Ìlẹ̀kẹ̀, ohun tí a fi ń ṣe adé ọba, ni ó lẹ mọ́ pátákó tí ó fi di àwòrán, iṣẹ́ náà sì gbé orúkọ rẹ̀ dé òkèèrè. El Anatsui, ọmọ Gánà tí ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Nsukka ní 1975, fi wáyà bàbà so ìdérí ìgò ọtí pọ̀ títí ó fi dàbí aṣọ ọlọ́lá.

Ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ ju àdàkọ lọ yóò máa dúró de àṣẹ ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ̀yin Olóyè, ẹ bá wa sọ fún àwọn aránṣọ kí wọ́n má da àjákù nù. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ju páálí ọmọ sínú iná. Ẹ gbé e kọ́ ara ògiri, kí ẹ sì ní kí ó ròyìn rẹ̀ fún yín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.