Ọkọ̀ tí a Tún Kàn: Láti Orí Bọ́lẹ̀kájà dé Orí Tòkunbọ̀

Àwọn olóòtú ètò yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ àti èdè Yorùbá. Bí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, gáréèjì ni ọkàn mi lọ, kò lọ sí ilé-ìkàwé. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín lálẹ́ òní ni pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àwọn baba wa wọ̀ kì í ṣe ọjà òkè òkun pátápátá. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ni ó ti òkè òkun wá. Ara rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti jáde.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a máa ń tún ọkọ̀ kàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1961, Sydney Allard kan ọkọ̀ gbọọrọ kan fún eré ìje orí títì tààrà. Ní ọdún 1966, wọ́n ṣí pápá Santa Pod fún irú eré ìje bẹ́ẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ pápá ọkọ̀ òfúrufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn kan níbẹ̀ a máa gbé ara mọ́tò kékeré àtijọ́ lé ẹ́ńjìnì ńlá tí ń mu nitromethane dípò bẹntiróòlù, kí ó lè sá ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Eré ni wọ́n ń fi í ṣe, síbẹ̀ wọ́n kọ orúkọ ọkọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó kàn wọ́n, wọ́n sì ń tọ́jú àwòrán wọn. Tiwa kì í ṣe eré. Iṣu, kòkó, epo pupa àti ọmọ ènìyàn ni ọkọ̀ tí àwa tún kàn ń rù. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni nínú wa tí ó lè dárúkọ káfíńtà kan ṣoṣo tí ó kan bọ́lẹ̀kájà?

Ní nǹkan bí ọdún 1906 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Kí ọdún 1910 tó pé, ojú irin ti gba Ẹdẹ kọjá lọ sí Òṣogbo àti Ìlọrin. Ṣùgbọ́n rélùwéè kì í yà sí oko. Lọ́rì ni ó ń yà síbẹ̀. Ford dé, Austin dé, Bedford sì tẹ̀ lé wọn, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ìlú Luton ní ọdún 1931. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lọ́rì wọ̀nyí kì í dé èbúté Àpápá ní odindi. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ọkọ̀ òkun a máa gba owó lórí ààyè tí ẹrù bá gbà, ara lọ́rì sì jẹ́ àpótí òfìfo. Ta ni yóò sanwó kí wọ́n bá òun kó afẹ́fẹ́ láti ìlú òyìnbó wá, nígbà tí igi wà nínú igbó wa, tí káfíńtà sì wà ní ìgboro?

Ní ọdún 2009, mo lọ kí bàbá àgbàlagbà kan ní Ẹdẹ tí ó ti fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kan ara lọ́rì. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ọkọ̀ náà ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ yín?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti rí ẹja tí a jẹ ẹran ara rẹ̀ tán rí? Bí ó ti máa ń rí nìyẹn." Irin gígùn méjì, táyà, ẹ́ńjìnì àti sítíárì, ó tán. Orí àpótí ni awakọ̀ máa ń jókòó lé bọ̀ láti Èkó, yóò sì fi aṣọ di imú nítorí eruku.

Bàbá náà ní igi ìrókò ni òun fi ń ṣe ìpìlẹ̀, nítorí ikán kì í jẹ ẹ́ bọ̀rọ̀; igi afárá ni òun sì fi ń ṣe ẹ̀gbẹ́, nítorí ó fúyẹ́. Bóòtù ni wọ́n fi ń de igi mọ́ irin, kì í ṣe ìṣó, nítorí ìṣó a máa yọ bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Wọn kì í kan àwọn bẹ́ǹṣì mọ́ ilẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kó èrò lọ sí ọjà, tí ó sì fẹ́ kó kòkó bọ̀, wọn a yọ bẹ́ǹṣì, wọn a tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, ni mo bá ṣàkíyèsí ohun kan. Òpó, àjà, fèrèsé, òrùlé: gbogbo orúkọ tí bàbá náà ń pe apá ọkọ̀, orúkọ apá ilé ni. Kò kọ́ iṣẹ́ mọ́tò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ilé ni ó kọ́ bí a ti ń kàn, nígbà tí Bedford sì dé, ó kan ilé lé e lórí. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí bí èdè ti ń yá ọ̀rọ̀ lò. N kò rí àpẹẹrẹ tí ó tẹ́ mi lọ́rùn tó èyí.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo orúkọ náà gan-an. Gbólóhùn odindi ni bọ́lẹ̀kájà: bọ́ sí ilẹ̀ kí á jà. A pa ọ̀rọ̀ kan jẹ, a pa fáwẹ́lì jẹ, a sì sọ àṣẹ di orúkọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ gbólóhùn di orúkọ ọmọ. Àwọn kan ní orí ìjókòó ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, nítorí àwọn èrò dojú kọ ara wọn, tí orúnkún ń gbá orúnkún, tí ẹsẹ̀ ń tẹ ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn ọmọ gáréèjì tí ń fa èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni ó ni ín. Lójú tèmi, kò sí ìdí tí a ó fi yan ọ̀kan: ìjà wà nínú ọkọ̀, ìjà sì wà nílẹ̀. Orúkọ yìí rìn jìnnà. Nínú ìwé kan tí ó jáde ní Enugu ní ọdún 1980, Chinweizu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì pe ara wọn ní alárìíwísí bọ́lẹ̀kájà, bẹ́ẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, ọdún 1972, Nàìjíríà yí ọwọ́ ọkọ̀ padà láti òsì sí ọ̀tún, kí ó lè bá ti Dahomey àti àwọn aládùúgbò wa yòókù mu. Ẹ rò ó wò: bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lápá òsì yóò máa já èrò sí àárín títì! Àwọn wẹ́dà dí ilẹ̀kùn àtijọ́ pa, wọ́n sì la tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni irin gba iṣẹ́ lọ́wọ́ pákó. Mercedes 911 ti ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ń rà, tí wọ́n ń fi irin pẹlẹbẹ kọ́ ilé gígùn lé lórí. Òun ni ó di mólúè Èkó. Wọ́n ní láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì "mould it" ni orúkọ yìí ti wá, èyí tí ó túmọ̀ sí kí a mọ nǹkan bí amọ̀kòkò ti ń mọ ìkòkò. Ní ti ìtumọ̀, ó bá iṣẹ́ wẹ́dà mu. Ní ti ìró, ara mi kò balẹ̀, nítorí Yorùbá kì í sábà sọ kọ́ńsónáǹtì àárín ọ̀rọ̀ tí ó yá nù báyẹn. Fáwẹ́lì ni a máa ń fi kún un. Nígbà tí àwọn bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 2008, ìgbà mólúè ti ń lọ sópin.

Ní ọdún 1986, ètò ọrọ̀-ajé tí a mọ̀ sí SAP já owó náírà lulẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì di ohun tí apá mẹ̀kúnnù kò ká mọ́. Ni àlòkù láti Yúróòpù bá bẹ̀rẹ̀ sí wọlé wọ̀ọ́. A fún wọn ní orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun: Tòkunbọ̀. Ẹ wo bí a ti kúrò lórí ọkọ̀ tí ń pè wá níjà dé orí ọkọ̀ tí a ń pè bí ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kì í bá ilé mu bí ó bá ti dé. Ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní fèrèsé ni ọ̀pọ̀ Volkswagen tí ó di dáńfó. Àwọn wẹ́dà ni ó gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi gíláàsì sí i, tí wọ́n sì jó ìjókòó mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ó bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, sítíárì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Mẹkáníìkì yóò lu ihò tuntun sínú irin tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti awakọ̀, yóò sì gbé sítíárì àti àwọn ohun ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sí apá òsì. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, n kò sì ní fi ojú kéré rẹ̀.

Síbẹ̀ n kò ní parọ́ fún yín. Ní ọdún 1996, mo wọ dáńfó láti Ẹdẹ lọ sí Òṣogbo. Ọmọ ilé-ìwé ni mí. Ewúrẹ́ kan sáré wọ títì, awakọ̀ tẹ bíréèkì, bẹ́ńṣì tí ó wà níwájú mi sì tu pẹ̀lú gbogbo ẹni tí ó jókòó lé e. Ẹsẹ̀ obìnrin kan tí ń lọ ta ẹ̀fọ́ ṣẹ́. Nígbà tí a gbé e sọ̀ kalẹ̀ tán, mo wo ilẹ̀ ọkọ̀ náà. Ojú méjì péré ni wẹ́dà ti jó irin mọ́ irin, níbi tí ó yẹ kí ó jó ojú mẹ́fà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ẹdẹ ti wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988. Àwọn ẹ̀ṣọ́ lè rí táyà tí ó ti jẹ tán. Ta ni ó ń tẹ̀ ba wo abẹ́ ìjókòó? Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún bàbá káfíńtà, inú bí i. Ó ní nígbà tiwọn, onílọ́rì a máa mọ ilé ẹni tí ó kan ọkọ̀ rẹ̀, bí bóòtù kan bá sì tú, ilé rẹ̀ ni yóò wá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yín, iṣẹ́ wà nílẹ̀ níbí, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n sì ń darúgbó. Ẹ mú ìwé, ẹ mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí ẹ tọ̀ wọ́n lọ. Èmi fúnra mi ṣì ní gbèsè kan. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ bọ́lẹ̀kájà a máa gbé igi kan lọ́wọ́, orí rẹ̀ nípọn, ìdí rẹ̀ tínrín, tí yóò sáré fi sábẹ́ táyà bí ọkọ̀ bá dúró lórí òkè, kí ó má baà yí padà sẹ́yìn. Mo gbàgbé láti bèèrè ohun tí wọ́n ń pe igi náà lọ́wọ́ bàbá. Nígbà tí mo padà lọ ní ọdún kejì, wọ́n ti sin ín.