Ìjàpá Bàbá Àgbà: Kí Ẹ Tó Tún Ọkọ̀ Ogún Ṣe, Ẹ Béèrè Ẹni Tó Ni Ín

Tọ̀sẹ̀ yìí kò ní àlejò. Èmi nìkan ni. Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ da àárín ẹbí wa rú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé mi lórí Instagram ti rí fọ́tò rẹ̀: Volkswagen kékeré, aláwọ̀ búlúù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rogodo. Òun ni àwọn òbí wa ń pè ní Ìjàpá. Ọ̀pọ̀ yín ló ti fi ìbéèrè ránṣẹ́: "Bọ̀dá, èló lẹ ná?" "Níbo lẹ ti rí páàtì?" Màá dáhùn. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni ò bi mí, tí èmi náà ò bi ara mi kí n tó bẹ̀rẹ̀: ta ló ni ọkọ̀ yẹn?

Ẹ jẹ́ kí n mú un látìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá tó bí bàbá mi ló ra ọkọ̀ náà lọ́dún 1970. Tuntun ló rà á. Nígbà yẹn, ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria tó wà lọ́nà Badagry ní Èkó ò tíì dé. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé ti bàbá àgbà wá láti òkè òkun. Tíṣà ni bàbá àgbà. Tíṣà tó bá ní Ìjàpá nígbà náà, èèyàn pàtàkì ni ládùúgbò.

Ó wà á títí di ọdún 1991. Nígbà tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ó gbé e sẹ́yìn ilé ní Bódìjà, ó fi tapólì bò ó. Bàbá àgbà kú lọ́dún 1998. Ọkọ̀ ò kúrò níbẹ̀. Tapólì gbó, ó fàya. Adìyẹ yé ẹyin sórí àga ẹ̀yìn. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá mi fẹ́ fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ̀yìn ilé, ó sì fẹ́ pe àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Ẹ fún mi." Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Gbé e. Tìẹ ni."

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ti jogún ọkọ̀.

A fi ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan nítòsí Ring Road. Bàbá àgbàlagbà ni, Ìjàpá ló fi kọ́ṣẹ́. Mo ti ra bátìrì tuntun dání. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n sọ ọ́ síná, kí n ká ìró ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kí n gbé fídíò sórí TikTok lọ́jọ́ náà. Bàbá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹni tó ti sùn ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ṣé wàá kàn fipá fà á dìde ni?"

Wọ́n wá ṣàlàyé. Òróró tó wà lára irin inú ẹ́ńjìnnì ti ṣàn lọ sísàlẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìpẹtà ti lè lẹ irin mọ́ irin. Epo tó kù nínú táǹkì ti di nǹkan bí oje igi. Ẹni tó bá fipá sọ ọ́ síná lè ba ẹ́ńjìnnì tó ṣeé tún ṣe jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ àtijọ́ bá wà lẹ́yìn ilé yín, ohun tí bàbá yẹn kọ́ mi nìyí.

Àkọ́kọ́, ẹ fi fóònù ya gbogbo nǹkan kí ẹ tó tú u. Tí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ẹ kó o sínú ọ̀rá kan, ẹ kọ ibi tó ti wá sí i lára. Ìrántí yín ò tó. Lóṣù mẹ́fà sí i, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀kùn àti èyí tó jẹ́ ti fẹ́ńdà.

Ìkejì, bíréèkì ṣáájú ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tí kò lè rìn ò lè pa ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń rìn tí kò lè dúró ni ẹ bẹ̀rù.

Ìkẹta, ọ̀nà epo. Iwájú ni táǹkì epo Ìjàpá wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Epo á rin gbogbo gígùn ọkọ̀ kó tó débẹ̀. Àwọn rọ́bà tó ń gbé e kọjá máa ń gbẹ, wọ́n á sì sán. Tí epo bá ń kán sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, iná ni. Gbogbo rọ́bà yẹn ni a pààrọ̀ kí ẹ̀kán epo kan tó wọ táǹkì.

Ìkẹrin, abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá ń gbé. Ásíìdì ti jẹ páànù tó wà lábẹ́ rẹ̀, débi pé mo ń rí ilẹ̀. Tí ẹ ò bá sì bo orí bátìrì, tí èèyàn tó wúwo bá jókòó, sípíríǹgì àga lè kan orí rẹ̀, kó sì ṣáná.

Ìkarùn-ún, Ìjàpá ò ní rédíétọ̀. Ẹ má bu omi kankan sí i. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, fáànù kan ló sì ń fẹ́ atẹ́gùn náà. Tí bẹ́líìtì fáànù bá já, ẹ dúró níbi tí ẹ bá wà. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ rọra dé ilé.

Ní ti páàtì, a rí díẹ̀ ní Aráròmí, ọjà páàtì tó wà ní Agodi Gate. A rí díẹ̀ sí i ní Ládípọ̀ l'Ékòó. Ìyókù, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ọkọ̀ yìí ju mílíọ̀nù mọ́kànlélógún lọ tí wọ́n ṣe káàkiri ayé. Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn lọ́dún 2003. Ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, páàtì rẹ̀ ò tíì tán láyé.

Ó dáa. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí.

Lọ́jọ́ tí páńẹ́ẹ̀lì-bítà ká ẹní ilẹ̀ ọkọ̀ kúrò, a rí páànù róbótó kan lápá ọ̀tún, lára ògiri iwájú, níbi tí ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ máa ń na ẹsẹ̀ sí. Wọ́n jó o mọ́ ibẹ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ò dán. Páńẹ́ẹ̀lì-bítà ní kí òun gé e dànù, kí òun fi páànù tuntun sí i. Mo ní kó gé e. Bàbá mẹkáníìkì ní, "Ẹ dúró ná. Ibí ni sítíárìn ọkọ̀ yìí wà tẹ́lẹ̀."

Ó yà mí lẹ́nu. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọwọ́ òsì la ti ń wakọ̀ ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, bíi ti àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù? Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ Àìkú, ni ìjọba Gowon yí gbogbo orílẹ̀-èdè padà sí ọwọ́ ọ̀tún. Gbogbo àwọn tí a jọ pààlà ló ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ghana náà yí padà lọ́dún 1974. Àmọ́ ẹni tó ti ra ọkọ̀ tirẹ̀ lọ́dún 1970, ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Ọ̀nà ti yí padà, ọkọ̀ ò yí padà.

Mo ya fọ́tò páànù yẹn, mo jù ú sórí WhatsApp ẹbí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ wo iṣẹ́ àtijọ́! A fẹ́ gé e dànù. Ẹnì kan ní Èkó ti ń bi mí ní iye tí màá tà á." Mo rò pé wọ́n máa yìn mí ni.

Dádì Agbowó, àbúrò bàbá mi, ló kọ́kọ́ fèsì: "Ta ló fún ẹ láṣẹ? Ogún ẹbí lo ń ná lọ́jà yẹn." Lẹ́yìn náà ni Mọ́mì Challenge, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, pè mí. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Àkànní, má fọwọ́ kan páànù yẹn títí màá fi rí ẹ." Wọ́n sì pa fóònù.

Inú bí mi, ẹ má jẹ́ n parọ́. Owó tèmi ni mo ń ná. Ọkọ̀ tí gbogbo wọn fi sílẹ̀ fún adìyẹ! Àmọ́ nígbà tí mo bi ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ lọ́yà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá àgbà yín kọ ìwé ìhágún?" Rárá. "Ìyàwó mélòó?" Méjì. "Ọmọ mélòó?" Méje. Ó ní, "Bàbá ẹ ò lè dá fún ẹ ní ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ nìkan."

Nílẹ̀ Yorùbá, tí bàbá bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ọ̀nà méjì ni àṣà wa ń gbà pín dúkìá rẹ̀. Ìdí-igi: ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ, apá kan. Orí-ò-jorí: ọmọ kọ̀ọ̀kan, apá kan. Ẹjọ́ kan tiẹ̀ wà l'Ékòó lórí ogún bàbá kan tó ń jẹ́ Dáwódù, tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1962, wọ́n fìdí ìdí-igi múlẹ̀: òun ṣì ni àṣà, àyàfi tí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, tí olórí ẹbí sì rí i pé orí-ò-jorí ló máa dáa jù. Èyíkéyìí tí a bá lò nínú méjèèjì, ẹ̀yin èèyàn mi, orúkọ tèmi ò sí níbẹ̀. Bàbá mi ṣì wà láàyè. Mo ti ń tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe.

A ṣèpàdé ní Bódìjà ní ọjọ́ Àìkú kan. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ gbogbo wọn. Lẹ́yìn tí Dádì Agbowó ti sọ tẹnu wọn, Mọ́mì Challenge sọ̀rọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lọ́dún 1972. Nígbà tí ọ̀nà yí padà, bàbá àgbà ò ní owó tí wọ́n máa fi gbé sítíárìn sí òsì. Tí wọ́n bá wà lẹ́yìn lọ́rì, wọn ò lè rí iwájú. Mọ́mì Challenge ló máa ń jókòó lápá òsì, tí wọ́n á yọrí síta, tí wọ́n á wò ó, tí wọ́n á ní, "Bàbá, ó ti ṣófo!" tàbí "Bàbá, ẹ má tíì lọ!" Wọ́n ní, "Ojú mi ni bàbá fi ń wo ọ̀nà."

Lọ́jọ́ kan, lọ́nà Ìwó, wọ́n ní ó ti ṣófo. Kò ṣófo. Bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀. Bàbá àgbà já wọ inú igbó. Ẹnikẹ́ni ò ṣèṣe. Bàbá àgbà ò bá wọn wí, wọn ò sọ ohunkóhun títí wọ́n fi délé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n gbé sítíárìn lọ sápá òsì. Ìgbà tí ọkọ̀ dé, Mọ́mì Challenge rò pé bàbá ò fọkàn tán òun mọ́ ni. Wọ́n ní, "Ìgbà tí èmi náà bímọ ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù ló ba bàbá. Wọn ò fẹ́ kí n tún gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ilé dákẹ́. Dádì Agbowó pàápàá ò gbọ́ ìtàn yẹn rí.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà bàbá àgbà ni mo fẹ́ gé dànù yẹn, mo sì rò pé àtúnṣe ni.

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. Ọkọ̀ jẹ́ ti ẹbí. Èmi ni alámòójútó rẹ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé, ìdí igi méjèèjì buwọ́ lù ú: ẹnikẹ́ni ò lè dá a tà, iye tí mo sì ná wà ní àkọsílẹ̀. Tí ẹbí bá fẹ́ tà á tàbí yí orúkọ tó wà lórí ìwé rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan, a máa kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ láti bójú tó dúkìá olóògbé, èyí tí òyìnbó ń pè ní letter of administration, ní ilé ẹjọ́ gíga ní Ring Road. Ní ti páànù yẹn, a yọ ìpẹtà ara rẹ̀, a kùn ún kó má baà jẹrà, a sì fi í síbẹ̀.

Mi ò rí owó ará Èkó yẹn gbà. Kí n sòótọ́, ó dùn mí fún nǹkan bí oṣù kan.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde, Mọ́mì Challenge ni mo gbé. Apá ọ̀tún ni wọ́n jókòó sí, níbi tí bàbá wọn ń jókòó sí nígbà yẹn lọ́hùn-ún. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ibi tí páànù yẹn wà. A gba Sẹ́kítéríàtì lọ sí Mọ́kọ́lá, a sọ̀ kalẹ̀ sí Dùgbẹ̀. Tírélà kan wà níwájú wa. Mo fẹ́ yà á sílẹ̀. Mọ́mì Challenge yọrí síta, wọ́n ní, "Má tíì lọ."

Láti ibi tí wọ́n jókòó sí yẹn, wọn ò lè rí nǹkan kan. Àmọ́ mo dúró.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ọkọ̀ bá wà lẹ́yìn ilé yín, tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí rédíò àtijọ́, kí ẹ tó pe ẹni tó máa tún un ṣe, ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ni ín. Ẹ bi wọ́n pé èwo ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Ẹ ká ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, torí páàtì lè wà ní Aráròmí, ìtàn ò sí níbẹ̀.

Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ẹ sọ èyí tó wà nílé tiyín. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ẹ rọra wakọ̀.