Mohammed Shitta Bey àti Ìwé Kíkà Àwọn Ọmọ Wa
Ọ̀rọ̀ tí Alága sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, Lapaz, Accra

   

Akápò ti ka ìwé owó fún wa. Ẹ ti gbọ́ iye tí a ná lórí ìsìnkú àti iye tí a ná lórí aláìsàn. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ìyẹn la ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́ iye tí a ná lórí ìwé àwọn ọmọ, nítorí a kò ná pesewa kan. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí nìyẹn, oníṣòwò kan bíi tiwa ni mo sì fẹ́ fi sọ ọ́.

Mohammed Shitta ni orúkọ rẹ̀. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, lára àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú tí wọ́n sì kó sọ̀ sí Sàró. Ibẹ̀, ní Waterloo, ni wọ́n bí i sí. Ní 1844 àwọn òbí rẹ̀ kó ìdílé wọn wá sí Badagry, nígbà tó yá Shitta bọ́ sí Èkó. Ó ta obì, ó ta awọ, ó gbé ọjà gba Odò Ọya dé Egga ní ilẹ̀ Nupe. Ẹ rí i pé ọmọ àjò bíi tiwa ni. Nígbà tó là, ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá sí Èkó, èyí tó ṣì wà ní Martins Street títí dòní.

Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 1894 ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí náà. Gómìnà Carter wá. Abdullah Quilliam, lọ́yà ará Liverpool tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, wá ṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì. Àwọn Kristẹni pàtàkì ìlú Èkó náà wá bá wọn yọ̀. Sultan fi Shitta joyè Bey, ìdílé rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ náà títí dòní. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Sultan rán ju oyè lọ. Ó rọ àwọn Mùsùlùmí Èkó pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn kẹ́kọ̀ọ́ ìgbàlódé.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò rọrùn láti gbà nígbà náà. Àwọn míṣọ́n ló ni ilé-ìwé. Bí ọmọ bá wọ ibẹ̀, kò pẹ́ tí yóò fi di Kristẹni. Nítorí náà ni àwọn òbí ṣe dá ọmọ wọn dúró sí ilé kéwú. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ti ibẹ̀ jáde: Mùsùlùmí pọ̀ l'Èkó ju Kristẹni lọ, síbẹ̀ ọmọ míṣọ́n ló kún inú ọ́fíìsì ìjọba.

Shitta Bey kú ní 1895. Ní 1896 ni ìjọba ṣí ilé-ìwé Mùsùlùmí àkọ́kọ́ l'Èkó. Edward Blyden wà lára àwọn tó bá àwọn àgbà Mùsùlùmí sọ ọ́ títí tí wọ́n fi gbà. Àlùfáà ìjọ Kristẹni ni Blyden tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè Lárúbáwá, ó sì mọ iyì Ìsìláàmù. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ni pé ọmọ yóò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, yóò sì tún ké kéwú lábẹ́ òrùlé kan náà. Mùsùlùmí, Idris Animashaun, ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Kò pẹ́ tí Ẹ̀pẹ́ àti Badagry náà fi ní tiwọn.

Ní oṣù Kejìlá 1923, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Èkó dá Ansar-ud-Deen sílẹ̀. Wọn kò dúró de ìjọba mọ́. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n kọ́ ilé-ìwé ti ara wọn. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Alákòró, ẹgbẹ́ náà ti ní yunifásítì báyìí ní Ọ̀fà, Summit University, tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ní 2015. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà tó wà níbí, ẹ mọ̀ ọ́n. Níhìn-ín ní Gánà pẹ̀lú, àwọn Ahmadiyya tó gúnlẹ̀ sí Saltpond ní 1921 ló dá ilé-ìwé gíga T.I. Ahmadiyya sílẹ̀ ní Kumasi ní 1950.

Ẹ̀yin Kristẹni inú wa, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí nìyí. Ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni. Ìbéèrè táwọn ará Èkó bi ara wọn ni pé, báwo ni ọmọ wa yóò ṣe gba tuntun láìsọ tiwa nù? Tiwa náà rèé ní Lapaz: ọmọ wa gbọ́ Twi, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò lè kí ìyá ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Òmíràn parí JHS, a ní kó wá jókòó ti ṣọ́ọ̀bù, pàápàá bó bá jẹ́ obìnrin.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, ‘Alága, ọjà ló bọ́ wa, kì í ṣe ìwé.’ Òótọ́ ni. Ọjà ló bọ́ èmi náà, alẹ́ lẹ́yìn ọjà ni mo sì fi kọ́ ìwé tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà wa léèrè nípa oṣù Kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ṣọ́ọ̀bù kò ṣeé gbé lérí, gbèsè tó wà lọ́wọ́ oníbàárà kò ṣeé gbà. Ohun tó wà lórí ẹni nìkan ló bá ẹni délé. Àwọn àgbà sì ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Nítorí náà, mo gbé nǹkan mẹ́ta síwájú ìpàdé yìí, kí á dìbò sí i lónìí. Èkíní, kí á ya ìdá márùn-ún owó oṣooṣù sọ́tọ̀, kí ìdá kan jẹ́ ti ìwé àwọn ọmọ. Owó ìsìnkú àti ti aláìsàn yóò wà lórí mẹ́rin yòókù. Èkejì, kí akápò máa san owó náà fún ilé-ìwé tààrà, kí ó má gba ọwọ́ òbí kọjá, kí ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin sì jẹ ẹ́ dọ́gba. Ẹ̀kẹta, kí á bẹ̀rẹ̀ kíláàsì Yorùbá ní ọjọ́ Sátidé fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Shitta Bey kò rí ilé-ìwé 1896. Ọmọ ọlọ́mọ ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àwọn tí ọmọ wọn ti dàgbà sọ pé kò kan àwọn mọ́. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ju wá lọ.