Kí A Tó Pa Ọjà Dà, Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Ṣírò Rẹ̀
Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá wa sọ ní ìpàdé gbogbogbò



Ohun tó gbé wa dìde lónìí ni owó ẹgbẹ́ tí a fẹ́ yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ pọ̀. Nígbà tí a bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ọ̀pọ̀ ló ní àwọn fẹ́ pa ọjà dà. A ní, sí èwo? Wọ́n ní, "Èyí tí àwọn ará ìsọ̀ ọ̀hún ń tà ni." Ọ̀rọ̀ yìí kó wa lọ́kàn sókè, torí owó yẹn, òógùn gbogbo wa ni.

Gbogbo alángbá ló da ikùn dé ilẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Pé ìsọ̀ ẹnìkan kún kò ní kí èrè wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ àwìn ló kó gbogbo rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọjà ọ̀hún ń tà fún un torí ó ti mọ ẹni tó ń rà á láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ọmọdé ò bá mọ ibi tó ń lọ, ó yẹ kó mọ ibi tó ti ń bọ̀. Kí a tó mọ ọjà tí a ó lọ sí, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní obìnrin kan ní ₦40,000. Ó fi ₦20,000 ra abọ́ àti ìkòkò, ó fi ₦20,000 yòókù ra iyọ̀, mágì àti ata gígún. Abọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ méjìlá ló máa tà kó tó tán, èrè rẹ̀ ₦6,000. Iyọ̀ àti mágì, ọ̀sẹ̀ kan ló ń tán, èrè rẹ̀ kò ju ₦1,000 lọ, lẹ́yìn tí a ti yọ owó ẹrù. Ẹni tó bá fojú wò ó á ní abọ́ ló lérè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjìlá ₦1,000 ni ₦12,000. Ká ní ₦300 ni owó ọkọ̀ tó fi ń lọ ra ọjà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yọ ₦3,600 kúrò, ó ku ₦8,400. Abọ́, tó lọ rà lẹ́ẹ̀kan péré, ó ku ₦5,700. Iyọ̀ ló ń bọ́ ọ.

Ó dáa. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Epo tí jálá rẹ̀ kò tó ₦200 nílé epo ìjọba fò ré kọjá ₦480. Gbogbo wa la mọ ohun tí owó ọkọ̀ dà. Ká ní ₦300 yẹn di ₦700. Ọ̀nà méjìlá rẹ̀ ti di ₦8,400. Èrè iyọ̀ wá ku ₦3,600, ti abọ́ ku ₦5,300. Ọjà kan náà, oníbàárà kan náà, ìsọ̀ kan náà. Obìnrin yìí á máa sọ pé ayé ń ṣe òun, àbí pé iyọ̀ ò lérè mọ́. Irọ́ ni o. Ọkọ̀ ló ń jẹ èrè rẹ̀.

Tó bá wá bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ ọ́, kí ọ̀kan lọ ra ọjà fún àwọn méjèèjì lọ́sẹ̀ yìí, kí èkejì lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, owó ọkọ̀ á di ₦350 fún ẹnì kan. Èrè rẹ̀ á padà di ₦7,800. Kò yá owó, kò sì pa ọjà dà.

Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé oníbàárà gan-an ló ti lọ. Ẹ rántí àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì orin. Nígbà tí orin wọnú fóònù, kò sí bí wọ́n ṣe lè dín owó ọkọ̀ kù tí kásẹ́ẹ̀tì á fi tà. Irú ọjà bẹ́ẹ̀, kéèyàn tètè fi í sílẹ̀ ló dáa, kí ojú owó tó tán.

Ẹ̀kẹta, ọjà lè máa tà dáadáa, kó jẹ́ àwa ni a ń jẹ ẹ́. Owó ìgbọ́bẹ̀ ńbẹ̀, owó ìnáwó ńbẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ ńbẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú àpò kan. Ẹni tí èyí ń ṣe, tó bá pa ọjà dà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ibì kan náà ni yóò já sí. Kó ya àpò ilé sọ́tọ̀ kúrò lára àpò ọjà.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí kálukú ṣe àkọsílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kó kọ iye tó rà á, iye tó tà á, owó ọkọ̀, owó ẹrù, owó ojúbọ́rọ̀ ọjà, àti iye tó mú lọ sílé. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó jẹ́ kí ọmọ bá a kọ ọ́ lálẹ́. Tí kò bá sí ọmọ nílé, kó fi òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo, agolo kan fún ọjà kan. Ìgbàkígbà tí ọjà bá tán tó tún lọ rà á, kó ju òkúta kan sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, agolo á sọ èyí tó ń yí àti èyí tó sùn.

Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò: ẹni tó bá fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ láti pa ọjà dà, àkọsílẹ̀ yìí ni a ó kọ́kọ́ wò. A ò fi í lé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn o. A ò fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ fi gbèsè wọ ọjà tí kò mọ̀, kó tún pàdánù èyí tó mọ̀. Ẹni tí ìṣirò ò bá yé, kó wá bá wa ní ìsọ̀, a ó jọ ṣe é. Àwa náà ò ju ìwé mẹ́fà lọ, ìṣirò ọjà kò sì ju ìròpọ̀ àti àyọkúrò lọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká ṣe àṣedànù. Ọjà wa á tà, èrè á kù lọ́wọ́ wa.