Dókítà Ìdílé àti Àìsàn Ọpọlọ Láàrin Wa

  

Ọ̀rọ̀ dókítà ìdílé ni mo bá wá. Ẹlòmíràn lè bi mí pé kí ló kan oníṣẹ̀ṣe nínú ọ̀rọ̀ dókítà. Ó kàn wá gidigidi. Bí ọdẹ orí bá ń ṣe ènìyàn, tí ó ń ṣe é bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú orí rẹ̀, tí etí rẹ̀ ń hó, tí oorun kò kùn ún, ibi méjì ni ẹbí rẹ̀ sábà máa ń mú un lọ: ọ̀dọ̀ wa, tàbí ọ̀dọ̀ dókítà àdúgbò. Ìgbà tí ọ̀ràn bá bàjẹ́ tán ni wọ́n tó ń wá dókítà ọpọlọ kiri.

Dókítà ìdílé ni ó ń tọ́jú ìyá, bàbá àti ọmọ. Ó mọ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní ilé. Ó mọ abiyamọ tí kò rẹ́rìn-ín mọ́ láti ìgbà tí ó ti bímọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Makanjuola ti kọ̀wé lórí ọdẹ orí fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1987, nítorí náà kò yẹ kí dókítà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ orúkọ náà kí ó fi oògùn orí fífọ́ nìkan lé aláìsàn lọ.

Iṣẹ́ àjọṣe yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1954, ní Aró l'Ábẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé, tẹbí-tẹbí, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé aláìsàn 307, ní ilẹ̀ wa àti ní Gánà, tí wọ́n wà lọ́dọ̀ àwọn adáhunṣe àti àwọn wòlíì. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí adáhunṣe àti òṣìṣẹ́ ìlera jọ tọ́jú balẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ kíyè sí i, ẹnikẹ́ni kò ní kí adáhunṣe ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú nìyí. Asofẹ́yẹjẹ tí a fi ń mú ara wèrè rọlẹ̀ ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ pẹ̀lú. Bí aláìsàn bá ń mu ún, tí ó tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà fún un, ó lè ṣubú lulẹ̀ kí ó dákú. Dókítà kò mọ̀, nítorí aláìsàn kò sọ. Aláìsàn kò sì sọ, nítorí ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò bú òun. Ẹ̀bi dókítà nìyẹn. Ẹ̀bi tiwa ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Èmi kò tíì gbọ́ ẹsẹ̀ Ifá tí ó ní kí a de aláìsàn mọ́gi kí ebi máa pa á.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, kí adáhunṣe kọ̀ọ̀kan mọ dókítà ìdílé kan lórúkọ. Bí gìrì bá mú aláìsàn, tàbí tí ó bá ní òun yóò pa ara òun, ẹ má dúró de òwúrọ̀. Ẹ ránṣẹ́, kí ẹ sì dárúkọ ewé tí ẹ ti fún un. Àwọn tí ó bá ti ní dókítà tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé, kí a jọ kọ orúkọ sílẹ̀.